Ẹ fẹ́ fi PCP pààrọ̀ mọ́tò nílùú ọba? Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Tí oṣù March àti September bá ti ń súnmọ́, tí nọ́ńbà plate tuntun fẹ́ jáde, ìgbà yẹn làwọn dílà máa ń pe àwọn èèyàn wa tó wà ní Britain lórí fóònù, wọ́n á ní mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń gùn yẹn ti tó pààrọ̀, ẹ kàn wá mú tuntun, owó oṣooṣù ò ní yí padà. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń tọwọ́ bọ̀wé láì ka ohun tó wà níbẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń wọlé jù jọ síbí. Òfin Britain ni mo ń sọ o, lease ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní àyè láti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣáà mú èyí lọ: owó oṣooṣù kọ́ ni iye mọ́tò, ẹni tó bá ń fi owó oṣooṣù nìkan bá yín dúnàá-dúrà kò fẹ́ kẹ́ ẹ wo ibi tówó wà.

Kí tiẹ̀ ni PCP yìí gan-an?

Personal Contract Purchase ni wọ́n ń pè é ní kíkún, àwọn míì ń pè é ní personal contract plan, ọ̀kan náà ni. Ẹ máa san dípósíìtì, ẹ máa wá san owó oṣooṣù fún ọdún méjì sí mẹ́rin, owó ńlá kan á sì dúró dè yín lẹ́yìn pátápátá, òun ni wọ́n ń pè ní balloon. Balloon yẹn ni iye tí kọ́ńpìnì tó yá yín lówó ti fọwọ́ sọ̀yà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mọ́tò náà ṣì máa tó lọ́jọ́ tí kọ́ńtíráàtì bá parí.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàlàyé ẹ̀. Ká ní £22,000 ni wọ́n ń ta mọ́tò, ẹ san £2,000 sílẹ̀, wọ́n wá yá yín £20,000 tó kù, APR (ìyẹn èlé ọdún kan) 8.9%, ọdún mẹ́rin, balloon £9,000. Owó oṣooṣù yín á wà ní bíi £336. £336 lọ́nà 48 jẹ́ £16,128, ẹ ro £9,000 pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ro £2,000 dípósíìtì mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ di £27,128. Èlé nìkan lé ní £5,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé £9,000 yẹn náà ń jẹ èlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ẹ ò tíì san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Tó bá jẹ́ hire purchase, níbi tẹ́ ẹ ti ń san gbogbo owó díẹ̀díẹ̀ láìsí balloon, lẹ fi ra mọ́tò yẹn kan náà, APR kan náà, owó oṣooṣù á di bíi £494. Ó wúwo lóòótọ́, mi ò sọ pé kò wúwo. Àmọ́ èlé á fi bíi £1,400 dín sí ti PCP, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì san owó ìkẹyìn, mọ́tò ti di tiyín nìyẹn.

Tí kọ́ńtíráàtì bá wá parí, kí ni mo lè ṣe?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè dá mọ́tò padà kẹ́ ẹ máa lọ, tí máìlì tẹ́ ẹ wà ò bá ti kọjá iye tí kọ́ńtíráàtì gbà, tí mọ́tò ò sì bàjẹ́. Ẹ lè san balloon kẹ́ ẹ gbà á pátápátá. Ẹ sì lè fi í gba mọ́tò míì, èyí táwọn dílà fẹ́ràn jù nìyẹn. Kò sí èyí tó pọn dandan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé àfi kẹ́ ẹ gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn.

Ọdún mẹ́rin mi ò tíì pé, mo sì fẹ́ mọ́tò tuntun. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kẹ́ ẹ tó dé showroom rárá, nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́.

Èkíní ni settlement figure, ìyẹn iye tẹ́ ẹ máa san lónìí kí gbèsè yẹn parí pátápátá. Kọ́ńpìnì tó yá yín lówó ni kẹ́ ẹ bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe dílà. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù tàbí kẹ́ ẹ wọ àkáǹtì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ yín ni, Consumer Credit Act 1974 ló fún yín. Kì í ṣe pé ẹ kàn máa ro owó oṣù tó kù pọ̀ mọ́ balloon o, torí tẹ́ ẹ bá tètè san án, èlé tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì dé gbọ́dọ̀ dín kù.

Èkejì ni iye tí mọ́tò yín tó lọ́jà. Auto Trader máa sọ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ra mọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ nípa taya àti ibi tó ti ha, torí tẹ́ ẹ bá purọ́ síbẹ̀, iye tí wọ́n bá sọ ò ní dúró lójú mọ́tò.

Ẹ wá yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè, tẹ́ ẹ bá ti san oṣù 30, settlement á wà ní bíi £13,600. Tí mọ́tò bá tó £14,600, £1,000 tiyín ló wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní equity. Tó bá jẹ́ £12,000 ni mọ́tò tó, ẹ jẹ gbèsè £1,600 ju iye tí mọ́tò tó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, equity yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn dílà. Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn wa ń sọ pé «wọ́n fún mi ní £1,000 kí n lè mú tuntun.» Ẹnikẹ́ni ò fún yín ní nǹkan kan, owó tẹ́ ẹ ti ń san láti ọdún méjì àbọ̀ ni. Ẹ lè ta mọ́tò yẹn fún ẹlòmíì tó ń ra mọ́tò, kí wọ́n san settlement fún kọ́ńpìnì, kí wọ́n sì fi £1,000 yẹn sínú báǹkì yín. Ẹ ò jẹ dílà tẹ́ẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbèsè pé ibẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ padà sí.

Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ tiẹ̀ ní 2022, equity ẹ̀ pọ̀ gan-an. Kí ló dé tí tèmi ò fi ní nǹkan kan?

Ìgbà yẹn yàtọ̀ ni. Lẹ́yìn COVID, chip tí wọ́n ń fi sínú mọ́tò wọ́n, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ò rí tuntun tó kó jáde, gbogbo ayé bá yà sí tokunbo, owó tokunbo sì lọ sókè ní 2021 sí 2022. Ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ parí lásìkò yẹn bá a pé mọ́tò òun ju balloon lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n yín ò ṣe nǹkan àrà, ọjà ló gbè é.

Nǹkan kejì ni èlé. Bank of England gbé èlé kúrò ní 0.1% ní December 2021, ó fi dé 5.25% ní August 2023. Àwọn tó bá PCP wọ̀ ní 2021 rí APR tó rẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fẹ́ pààrọ̀, ẹnu yà wọ́n pé mọ́tò tí ò ju tàtijọ́ lọ, owó oṣooṣù ẹ̀ ti fo sókè. Àwọn tó mú mọ́tò oníná náà rí tiwọn, torí ní 2023 owó tokunbo àwọn mọ́tò oníná já wálẹ̀ burúkú. Ibi tí PCP ti dáàbò bo èèyàn gan-an nìyí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: tí balloon bá jẹ́ £15,000 tí mọ́tò wá tó £11,000, ẹ dá a padà, kọ́ńpìnì ló máa gbé àdánù £4,000 yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ má ṣe fi mọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe part-exchange (ìyẹn kẹ́ ẹ fi í gba mọ́tò míì lọ́wọ́ dílà) láéláé.

Dílà ní mọ́tò tuntun, owó oṣooṣù kan náà. Ṣé ó lè jẹ́ òótọ́?

Ó lè jẹ́ òótọ́ kó sì tún pa yín lára. Nǹkan tó lè mú kí owó oṣooṣù dúró sójú kan náà pọ̀. Wọ́n lè fa kọ́ńtíráàtì láti oṣù 36 sí 48. Wọ́n lè dín máìlì yín kù láti 10,000 lọ́dún sí 6,000 láì sọ ọ́ sókè, torí bí máìlì bá ṣe kéré ni balloon ń ga tí owó oṣooṣù ń rẹlẹ̀. Wọ́n lè kó gbogbo equity yín síbẹ̀ bíi dípósíìtì. Àwọn mìíràn á ní àwọn fi £1,500 kún dípósíìtì fún yín, ìyẹn dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń ra mọ́tò kan náà pẹ̀lú owó ọwọ́ ẹ̀ ti rí i gbà ní ẹ̀dínwó tó ju ìyẹn lọ.

Torí náà, nígbà tó bá yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ́dọ̀ yín tó ní ẹ wò ó, £329 péré lóṣù, ẹ ní kó yí i lọ sí ojú ìwé tí total amount payable, ìyẹn gbogbo owó tẹ́ ẹ máa san pátápátá, wà. Òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sign. Ẹ wo iye mọ́tò, ẹ wo iye tí wọ́n yá yín, ẹ wo APR, ẹ wo máìlì, ẹ wo balloon, ẹ wá wo total. Tẹ́ ẹ bá wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí fún mọ́tò méjì, ẹ máa mọ èyí tó wọ́n lóòótọ́. Tó bá ní àfi kẹ́ ẹ sign lónìí kí ẹ̀dínwó má bàa lọ, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ lọ kà á nílé. Ẹ̀dínwó ń padà wá, pàápàá ní ìparí March àti ìparí September, ìgbà tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ta iye mọ́tò táwọn ọ̀gá ní kí wọ́n tà.

Wọ́n ní àwọn lè kó gbèsè tó kù lórí ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Ṣé kò sí wàhálà?

Wàhálà wà níbẹ̀. £1,600 tí mo sọ lókè yẹn ni wọ́n fẹ́ gbé ka orí mọ́tò tuntun, ẹ máa san èlé lórí gbèsè mọ́tò tí ẹ ò gùn mọ́. Mọ́tò tuntun náà ń já wálẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti kúrò ní showroom, nígbà tó bá tún di ọdún méjì àbọ̀ £1,600 yẹn ti di £3,000, wọ́n á tún ní àwọn máa kó o pọ̀. Báyìí lèèyàn ṣe ń wà nínú gbèsè mọ́tò fún ọdún mẹ́wàá tí kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì kan tó lè pè ní tiẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní sùúrù kí kọ́ńtíráàtì parí, ẹ dá mọ́tò padà, gbèsè yẹn kú síbẹ̀.

Mi ò lè dúró tí ọdún mẹ́rin á fi pé. Ṣé ọ̀nà míì wà?

Ó wà, ọ̀pọ̀ dílà ò sì ní sọ ọ́ fún yín. Voluntary termination ni wọ́n ń pè é, ó wà ní section 99 àti 100 nínú Consumer Credit Act 1974. Tẹ́ ẹ bá ti san ìdajì total amount payable, ẹ lè dá mọ́tò padà, gbogbo ẹ̀ parí, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tí ẹ ò bá ti jẹ owó oṣù tó ti kọjá, tí mọ́tò sì wà bó ṣe yẹ kó wà.

Ẹ ṣọ́ra níbi ìdajì yẹn, torí ìdajì gbogbo owó ni, balloon àti èlé wà nínú ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdajì £27,128 jẹ́ £13,564. Dípósíìtì wà lára ohun tẹ́ ẹ ti san. Torí náà oṣù kẹrìnlélógún kọ́ lẹ máa dé ìdajì, oṣù karùndínlógójì ni. Tí ẹ ò bá tíì débẹ̀, ẹ lè san ìyókù láti fi débẹ̀ kẹ́ ẹ sì dá a padà. Tó bá wá jẹ́ pé lóṣù 35 yẹn settlement jẹ́ bíi £12,400 tí mọ́tò ò sì ju £11,000 lọ, ẹ ti rí i pé ẹni tó ṣe voluntary termination ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè £1,400 tí ẹni tó lọ ṣe part-exchange máa gbé kiri.

Ẹ kọ̀wé ni o, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́ lórí fóònù. Kẹ́ ẹ kọ section 99 síbẹ̀. Tí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ tó ní voluntary surrender lára, ẹ má sign ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, wọ́n lè ta mọ́tò kí wọ́n sì tún máa lé yín kiri fún ìyókù owó. Ní ti máìlì tó kọjá, àwọn kọ́ńpìnì kan máa ń fẹ́ gbowó ẹ̀ níbi voluntary termination, àríyànjiyàn wà lórí ẹ̀, ẹ lè gbé e lọ bá Financial Ombudsman, àwọn tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti kọ́ńpìnì owó. Á hàn lórí credit file yín (àkọsílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń san gbèsè) pé ẹ dá a padà, àmọ́ kì í ṣe default, ìyẹn pé ẹ ò san gbèsè yín.

Kẹ́ẹ̀rà ni mí, mò ń wakọ̀ láti ilé aláìsàn kan dé òmíì. Ṣé PCP bá mi mu?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù, torí àwọn èèyàn wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ máa jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, ilé mẹ́fà kó tó di ọ̀sán, ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́, Sátidé, Sọ́ńdè. Dílà á bi yín níjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò pé máìlì mélòó lẹ máa ń wà lọ́dún, ẹ máa ní ẹ ò mọ̀, á ní kò burú, ẹ jẹ́ ká fi sí 8,000, ó ń jẹ́ kí owó oṣooṣù rẹlẹ̀.

Ká ṣírò ẹ̀. 8,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 32,000. Kẹ́ẹ̀rà tó ń lọ láti ilé dé ilé lè wà 15,000 lọ́dún láì mọ̀ ọ́n, ìyẹn 60,000. Ó fi 28,000 kọjá. Tí kọ́ńtíráàtì bá ní pẹ́nì mẹ́sàn-án lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, £2,520 ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kó wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá mọ́tò padà. Ta ló ní £2,520 nílẹ̀ nídìí owó iṣẹ́ kẹ́ẹ̀rà?

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sign, ẹ wo nọ́ńbà máìlì tó wà lójú dashboard lóṣù yìí, ẹ wò ó lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn. Owó oṣooṣù á fi díẹ̀ ga, àmọ́ ẹ máa sùn. Tẹ́ ẹ bá ti sign, ẹ pe kọ́ńpìnì báyìí, àwọn kan gbà pé kẹ́ ẹ yí máìlì padà láàárín kọ́ńtíráàtì. Ínṣọ́ránsì yín náà gbọ́dọ̀ ní business use, torí lílọ láti ilé aláìsàn kan sí òmíì kì í ṣe commuting (lílọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo), tí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ tí business use ò sí níbẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Mo mọ̀ pé ìyẹn ń gbówó lórí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe é.

Ẹni tó sì fẹ́ fi mọ́tò ṣe Uber tàbí minicab, PCP lásán ò wà fún un. Ọ̀pọ̀ kọ́ńtíráàtì ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gbé èrò gbowó.

Kí ni wọ́n ń wò nígbà tí mo bá dá mọ́tò padà?

Ẹnì kan á wá pẹ̀lú tablet. Á rìn yí mọ́tò ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí wheel kọ̀ọ̀kan, á fi ìka lé etí ibi tó ti ha mọ́ òkúta ẹ̀bá títì, á gbé rúlà kékeré síbẹ̀, á ya fọ́tò. Rúlà yẹn ṣe pàtàkì. Ìwé ìlànà BVRLA (ẹgbẹ́ àwọn kọ́ńpìnì tó ń fi mọ́tò háyà ní Britain) tí púpọ̀ nínú wọn ń lò gba kí ẹ̀há tó wà lára ọ̀dà gùn tó milimítà 25 tí irin ò bá ti yọ jáde, ó gba kí gbogbo ibi tó ha létí wheel alloy kan jẹ́ milimítà 50 lápapọ̀. Èyí tó bá ju ìyẹn, owó ni. Taya ò gbọ́dọ̀ dín sí milimítà 1.6, òfin ìlú ni. Wọ́n á béèrè kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti ìwé sáfíísì.

Ẹ fọ mọ́tò kí wọ́n tó dé, ẹ ya fọ́tò tiyín nínú oòrùn, gbogbo ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí alloy tó ha, ẹni tó ń tún un ṣe ládùúgbò lè gba owó tó kéré gan-an sí èyí tí kọ́ńpìnì máa kọ sí yín lọ́rùn, àmọ́ ẹ má gbé e fún ẹni tó máa kùn ún gbàgàdà, torí iṣẹ́ tí ò dáa náà, wọ́n ń gbowó ẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà ni. Ṣé wọ́n á fún mi?

Ó lè ṣòro lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ yanjú láísẹ́ńsì. Ti Nàìjíríà, ẹ lè lò ó fún oṣù 12 péré láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti di olùgbé ibí, Nàìjíríà ò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kàn ń bá pààrọ̀ láísẹ́ńsì, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe theory kẹ́ ẹ sì ṣe practical. Ẹ má dúró dìgbà tí oṣù 11 bá pé kẹ́ ẹ tó lọ bùkù ẹ̀, torí àtirí déètì ìdánwò ò rọrùn.

Ní ti credit, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀: ọmọ Commonwealth ni wá, ọmọ Nàìjíríà tó ní visa tó bófin mu tó sì ń gbé ibí lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn lender (kọ́ńpìnì tó ń yáni lówó) ti ń rí i dájú pé ẹ ń gbé ibi tẹ́ ẹ sọ. Ẹ yẹ fáìlì yín wò lọ́dọ̀ Experian, Equifax àti TransUnion, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ń wá fáínáǹsì, ẹ ní soft search (àyẹ̀wò tí lender míì ò ní rí) lẹ fẹ́, ẹ má jẹ́ kí dílà márùn-ún ṣe hard search (èyí tí wọ́n máa rí lórí fáìlì yín) láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Visa náà, lender kan lè ní kí visa yín gùn tó kọ́ńtíráàtì, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á fi orúkọ òun gbà á fún mi, kí n máa san án. Ṣé ó dáa?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, bá a ṣe máa ń ran ara wa lọ́wọ́ nílé nìyẹn. Àmọ́ ó ti sọ fún lender pé òun lòun máa gùn ún, irọ́ sì ni, wọ́n lè fòpin sí kọ́ńtíráàtì. Tí ínṣọ́ránsì náà bá tún wà lórúkọ ẹ̀ bíi pé òun ló ń wà á jù, fronting nìyẹn, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, credit ẹ̀gbọ́n yín ló máa bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ẹbí á sì dojú rú.

Mo fẹ́ gbé mọ́tò náà ránṣẹ́ sí Èkó kí n tó san án tán.

Ẹ má ṣe é. Orúkọ yín tó wà lórí V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò), keeper, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, ni wọ́n pè yín níbẹ̀, wọn ò pè yín ní owner. Títí dìgbà tẹ́ ẹ bá san balloon, kọ́ńpìnì ló ni mọ́tò, ẹni tó bá tà á tàbí tó bá gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láì gbàṣẹ, ọlọ́pàá lè wá a. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni stéárìn mọ́tò ibí wà, Nàìjíríà ti kúrò nídìí ìyẹn láti April 2, 1972, wọn ò sì fẹ́ irú ẹ̀ lójú títì wọn.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò lè san tóṣù yìí.

Ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti kọjá. Ẹ má sá fún fóònù wọn. Tẹ́ ẹ bá ti san ìdá kan nínú mẹ́ta total amount payable, nínú àpẹẹrẹ wa oṣù 21 nìyẹn, wọn ò lè wá gbé mọ́tò láì gba àṣẹ kọ́ọ̀tù. Tẹ́nì kan bá wá kan ilẹ̀kùn yín pé kẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ ní kó fi ìwé kọ́ọ̀tù hàn yín. StepChange, National Debtline àti Citizens Advice, gbogbo wọn ló ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mọ́tò tuntun ń kú lójú títì. Dílà ní kí n lọ bá àwọn tó ṣe é.

Kọ́ńpìnì tó yá yín lówó ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, torí àwọn ló ni mọ́tò, àwọn lòfin gbà pé wọ́n pèsè ẹ̀ fún yín. Lábẹ́ Consumer Rights Act 2015, tó bá ní àbùkù gidi láàárín ọjọ́ 30, ẹ lè kọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì gbowó yín. Lẹ́yìn ọjọ́ 30 àmọ́ tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà, wọ́n ní àǹfààní kan láti tún un ṣe. Tí ò bá ṣeé tún ṣe, ẹ lè dá a padà.

Mo gbọ́ pé owó kan wà tí wọ́n fẹ́ dá padà fáwọn tó ti ṣe PCP nígbà kan rí.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn lender kan máa ń jẹ́ kí dílà fúnra ẹ̀ gbé èlé oníbàárà sókè, bó bá ṣe ga tó ni commission dílà ṣe máa pọ̀ tó. FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn kọ́ńpìnì owó ní Britain, fòfin de ìyẹn láti January 28, 2021. Supreme Court dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ commission ní August 1, 2025, ní October 2025 sì ni FCA gbé àbá jáde lórí ètò ìdápadà owó, fún kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ṣe láàárín April 6, 2007 sí November 1, 2024. Ẹ wá ìwé kọ́ńtíráàtì àtijọ́ yín jáde, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí lender fúnra yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fún àwọn tó ń pè yín lórí fóònù láyè láti jẹ nínú owó yín nítorí létà kan ṣoṣo.

Mo sign lánàá, mo ti kábàámọ̀.

Ọjọ́ 14 lẹ ní láti kúrò nínú yíyáwó náà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, yíyáwó lẹ kúrò nínú ẹ̀, rírà mọ́tò ṣì wà bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rà á ní showroom, ẹ máa wá ọ̀nà míì láti san owó mọ́tò láàárín ọjọ́ 30. Ó wúlò fún ẹni tó rí èlé tó dín kù ní báǹkì tàbí credit union (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù). Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù lẹ ti rà á, láì fojú rí ẹnikẹ́ni, ọjọ́ 14 tún wà tẹ́ ẹ fi lè dá mọ́tò fúnra ẹ̀ padà, ẹ má wà á kiri lásìkò yẹn. Nínú méjèèjì, ẹ fi íméèlì kọ ọ́ sí wọn lónìí, ẹ kọ nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fèsì pé wọ́n ti rí i gbà.